Kíka Áàtì Láti Ìpara: Béèrè Ilẹ̀kùn Kejì Kí O Tó Wọ Àkọ́kọ́

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí èsì WAEC jáde, ọmọbìnrin kan láti ìsàlẹ̀ àdúgbò wa ní Ìpara wá bá mi níwájú ilé. Ó ti tẹ èsì náà jáde ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi há inú ìwé orin ìyá rẹ̀. Mo tú u wò: Yorùbá A1, Lítíréṣọ̀ B3, CRS C4, Gọ́fúmẹ́ǹtì C5, Gẹ̀ẹ́sì C6, Ìṣirò D7. Ó ní, "Àǹtí, bàbá mi ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n ní kí ni wọ́n ń fi áàtì jẹ."

N kò tíì dá a lóhùn. Mo mú bírò, mo fi àmì sí iwájú márùn-ún nínú mẹ́fà náà, mo dá ìwé rẹ̀ padà fún un. Kírẹ́díìtì márùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ tó ní èyí kò sí lójú títì rárá.

Ohun tí mo bá a sọ lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síbí, fún òun àti fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìpara, Òde Rẹ́mọ, Ìsarà, Ògèrè àti gbogbo agbègbè wa ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Nítorí mo ti rí i lójú ara mi: ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń wọ ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tí wọ́n bá bá ní ṣíṣí. Wọ́n á ti lo ọdún mẹ́ta nínú yàrá náà kí wọ́n tó mọ̀ pé kò sí ọ̀nà kankan níbẹ̀ tó lọ síbi tí ọkàn wọn ń fà sí. Ẹni tó bá fẹ́ ka áàtì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ilẹ̀kùn kejì, kó tó di pé ó ti àkọ́kọ́ wọlé.

Ká kọ́kọ́ dá bàbá lóhùn

Áàtì ni àkópọ̀ àwọn ẹ̀kọ́ tó ń yẹ ọmọ ènìyàn wò: èdè àti lítíréṣọ̀, ìtàn, ẹ̀sìn, fìlọ́sọ́fì, eré orí ìtàgé, orin. Ohun tí wọ́n fi ń kọ́ni kò ju mẹ́ta lọ. Kí o kà á kó yé ọ. Kí o kọ ọ́ kó yé ẹlòmíràn. Kí o sì mọ̀ ọ́n nígbà tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá ń yí ọ po. Ohun tí agbẹjọ́rò, oníròyìn, olùkọ́, akọ̀wé ìjọba àti òǹkọ̀wé eré ń tà fún aráyé nìyẹn.

Tí ẹlòmíràn bá ń béèrè ohun tí wọ́n ń fi áàtì jẹ, kò burú. Àwa ará Rẹ́mọ kọ́ ló yẹ ká béèrè. Tai Solarin, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni ló kọ́kọ́ lọ, Wesley College ní Ìbàdàn, kó tó lọ ka ìtàn àti jọ́gíráfì ní Manchester. Ní 1956, òun àti ìyàwó rẹ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ nílùú rẹ̀. Bàbá Wole Soyinka, ọmọ Ìsarà tó múlé ti wa níbí, tíṣà ni. Ọmọ rẹ̀ ka Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn àti ní Leeds, ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986, ó sì kọ ìwé *Ìsarà* ní 1989 nípa bàbá rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀. Ìran àwọn bàbá wọ̀nyẹn ni ìran tí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni jẹ́ yunifásítì wọn. Obafemi Awolowo pàápàá, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ìmọ̀ ìṣòwò ló gboyè nínú rẹ̀, kì í ṣe áàtì, ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe gbà á: ó ń ṣiṣẹ́, ó ń ṣòwò, ó ń kàwé nílé fún ìdánwò Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, títí wọ́n fi fún un ní oyè ní 1944. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó lọ kọ́ òfin.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bíbẹ̀rẹ̀ nítòsí ilé pẹ̀lú owó kékeré kì í ṣe ọ̀nà àwọn tó kùnà. Ọ̀nà tí àwọn àgbà wa gbà nìyẹn.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà

Ọ̀nà mẹ́rin ló wà níwájú ọmọ tó ní irú èsì tí mo kọ sókè yìí.

*Èkíní: UTME tààrà sí yunifásítì.* Ìdánwò JAMB ni. Ìbéèrè 180 ni fún wákàtí 2: 60 fún Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ mẹ́ta yòókù, máàkì 400 ni àpapọ̀ rẹ̀. Ní 2025, JAMB àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ fẹnu kò sí 150 fún yunifásítì, 100 fún pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni. Ìsàlẹ̀ pátápátá nìyẹn o. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lè gbé tirẹ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yunifásítì tó sún mọ́ wa jù nínú ti ìjọba ni Olabisi Onabanjo ní Àgọ́-Ìwòyè, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1982 gẹ́gẹ́ bíi Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà ní 2001. Wọ́n ní ẹ̀ka áàtì níbẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, eré orí ìtàgé, àwọn èdè. Ní Ìjàgun, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ni yunifásítì ẹ̀kọ́ olùkọ́ni tí wọ́n fi orúkọ Tai Solarin sọ wà. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2005, ìjọba àpapọ̀ sì gbà á lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ ní 2025. Babcock ní Ìlíṣàn sún mọ́ wa jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n ti ìjọ ni, owó rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ owó ti ìjọba.

*Èkejì: NCE, lẹ́yìn náà Direct Entry.* Èyí ni mo fẹ́ràn jù fún ọmọ tí owó ilé rẹ̀ kò tó, tàbí tí UTME kò rẹ́rìn-ín sí. Ọdún 3 ni NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́ni, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni. Èyí tó wà ní Òsíẹ̀lẹ̀, Abẹ́òkúta, ti ìjọba àpapọ̀ ni, láti 1976. Èyí tó wà ní Omu ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tó ń jẹ́ orúkọ Awùjalẹ̀ Sikiru Adetona, ti ìpínlẹ̀ ni. Bí o bá parí pẹ̀lú máàkì tó dára, wàá gba fọ́ọ̀mù Direct Entry lọ́dọ̀ JAMB, wàá sì wọ yunifásítì ní ọdún kejì. Ọdún 3 sí i, ó di ọdún 6 lápapọ̀, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí méjì lọ́wọ́. Ẹni tó ka tirẹ̀ tààrà á lo ọdún 4. Ọdún 2 tó gùn lé e yìí kò ṣòfò, nítorí NCE ni ìwé ẹ̀rí tó kéré jù tí òfin ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà fọwọ́ sí fún olùkọ́. Bí owó bá dá ọ dúró lẹ́yìn ọdún kẹta, o ti ní iṣẹ́ tí o lè fi bọ́ ara rẹ. Ẹni tí owó bá dá dúró ní ọdún kẹta yunifásítì, kò ní ìwé ẹ̀rí kankan lọ́wọ́.

*Ẹ̀kẹta: JUPEB tàbí IJMB.* Iṣẹ́ mẹ́ta péré lo máa kà, láàárín nǹkan bí ọdún 1, ní ìpele tó ga ju ti WAEC lọ. Bí o bá yege dáadáa, Direct Entry náà ni, ọdún kejì lo ti máa bẹ̀rẹ̀. Ó yá, ṣùgbọ́n ó ní ewu: bí o kò bá rí àyè gbà, ìwé ẹ̀rí náà kò níṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe. Ẹni tó mọ̀wé dáadáa tí òbí rẹ̀ sì lè sanwó lẹ́ẹ̀kan náà ló yẹ.

*Ẹ̀kẹrin: yunifásítì àkàgbélé,* èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NOUN. Ìjọba dá a sílẹ̀ ní 1983, àwọn ológun tì í ní 1984, wọ́n sì jí i dìde lẹ́yìn 2000. Kò sí UTME níbẹ̀, kírẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n ń béèrè. Wàá máa kàwé nílé, wàá sì máa lọ sí ibùdó wọn fún ìdánwò. Ọ̀kan wà ní Abẹ́òkúta. Fún ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tàbí iṣẹ́ tí kò lè fi sílẹ̀, ó dára gan-an. Fún ọmọ ọdún 17 tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fúnra ẹni jókòó ti ìwé, ó le.

Àwọn kan á sọ pé, "Pólì Ṣàápadé ńkọ́? Ẹnu ọ̀nà wa kọ́ yẹn ni?" Ẹnu ọ̀nà wa ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n pólì kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ka ìtàn tàbí lítíréṣọ̀ gboyè. Bí o bá fẹ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tàbí ìṣirò owó, lọ síbẹ̀. Bí áàtì lo fẹ́, má ṣe tìtorí owó ọkọ̀ yan ohun tí ọkàn rẹ kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìṣirò tó ń dẹ́rù bà yín

D7 nínú Ìṣirò ti lé ọ̀pọ̀ ọmọ padà sílé lọ́nà tí kò yẹ. Ní oṣù kẹwàá 2025, ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ kéde ìlànà tuntun: yunifásítì á gba kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì nínú rẹ̀, Ìṣirò jẹ́ dandan fún sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ. Fún NCE, kírẹ́díìtì mẹ́rin ni, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tó ń ṣe áàtì. Ìyẹn ni pé D7 ọmọ yìí kò dí i lọ́nà Lítíréṣọ̀ tàbí Yorùbá.

Ṣùgbọ́n má ṣe sùn lé ìkéde. Dẹ́páàtìmẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan lágbára láti béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí o tó sanwó ohunkóhun, wọ ojú-ewé JAMB tí wọ́n ń pè ní IBASS, tẹ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ tí o fẹ́, kí o sì da ohun tí wọ́n béèrè kọ sínú ìwé. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá yé ọ níbẹ̀, lọ bá akọ̀wé dẹ́páàtìmẹ́ǹtì náà fúnra rẹ. Má béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta fọ́ọ̀mù. Ọjà ló ń tà.

Yíyan iṣẹ́ méjì: ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà

Ní NCE, iṣẹ́ méjì lo máa yàn papọ̀, tí ẹ̀kọ́ ìkọ́ni yóò sì jẹ́ ẹ̀kẹta wọn. Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú Faransé, ìtàn pẹ̀lú CRS, Yorùbá pẹ̀lú ẹ̀kọ́ àwùjọ, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Inú fọ́ọ̀mù, ìlà kan péré ni. Ọmọ á fi àmì sí èyí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi àmì sí, ó tán. Ìlà kan yẹn ló máa pinnu ilẹ̀kùn tí yóò ṣí lọ́dún mẹ́ta sí i.

Ohun tí èmi àti ọmọbìnrin náà ṣe nìyí. Ẹ̀yin náà lè ṣe é lórí tábìlì yín. A fa ìlà mẹ́ta sórí ìwé. Ní ìlà tó wà lápá ọ̀tún pátápátá, a kọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe lọ́jọ́ iwájú. Ó kọ "oníròyìn." Lẹ́yìn tó ronú díẹ̀, ó fi kún un pé "tàbí tíṣà Lítíréṣọ̀." Ní ìlà àárín, a kọ oyè yunifásítì tó ń gbé ènìyàn débẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì, Ìbánisọ̀rọ̀, tàbí Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ìkọ́ni. Lápá òsì la kọ ohun tí oyè kọ̀ọ̀kan ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wọlé láti NCE. Ibẹ̀ la ti rí i: bó bá yan Yorùbá pẹ̀lú ẹ̀kọ́ àwùjọ nítorí A1 rẹ̀, ọ̀nà sí oyè Gẹ̀ẹ́sì ti dí. Bó bá yan Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú Yorùbá, ọ̀nà méjèèjì ṣí, A1 rẹ̀ náà kò sì ṣòfò.

Ọwọ́ ọ̀tún la ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ òsì la parí sí. Èyí ni ohun tí mò ń pè ní bíbéèrè ilẹ̀kùn kejì.

Ẹ fi nǹkan méjì kún un. Àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ yunifásítì ń gba NCE fún oyè tó ní ẹ̀kọ́ ìkọ́ni nínú ju oyè áàtì lásán lọ. Nítorí náà, yẹ̀ ẹ́ wò fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan tí o ń fojú sùn. Èkejì, kírẹ́díìtì márùn-ún ti WAEC tàbí NECO kò ní ìgbà tó kú. Yunifásítì á ṣì béèrè rẹ̀ lẹ́yìn NCE. Bí o bá fi mẹ́rin wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, tún WAEC kọ nígbà tí o ṣì wà ní ọdún àkọ́kọ́, má dúró dìgbà tí orí rẹ bá ti gbàgbé.

Ìwé tí o gbọ́dọ̀ kó jọ

Ra fáìlì kan, kí o kọ orúkọ rẹ sí i lára. NIN rẹ ni kó kọ́kọ́ wà níbẹ̀: òun lo máa fi ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019 láti orí síìmù tìrẹ kí o tó gba kóòdù JAMB. Má ṣe lo síìmù ẹ̀gbọ́n tàbí ti onítẹlifóònù. Gbogbo iṣẹ́ tí JAMB bá rán, orí nọ́ḿbà yẹn ló ń wá. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé ọjọ́ ìbí, èsì WAEC, àti ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ láti ọ́fíìsì Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Rẹ́mọ ní Ìsarà. Fi orúkọ rẹ wé ara wọn lórí gbogbo wọn, lẹ́tà sí lẹ́tà. Ọmọ tó jẹ́ "Oluwaseun" lórí NIN tó sì jẹ́ "Seun" lórí WAEC ti ra wàhálà sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Tún un ṣe nísinsìnyí tí àyè ṣì wà.

Ní UTME, fún ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì, yan Gẹ̀ẹ́sì, Lítíréṣọ̀ àti méjì sí i nínú Yorùbá, CRS tàbí Gọ́fúmẹ́ǹtì, gẹ́gẹ́ bí IBASS bá ṣe sọ. Bí èsì WAEC rẹ kò bá tíì jáde nígbà tí o forúkọ sílẹ̀, gbé e sórí JAMB ní ibùdó CBT tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́jọ́ tó bá jáde. Ẹni tí kò gbé e síbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ kò rí i. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá sì fún ọ ní àyè, orí CAPS, ojú-ewé ìgbaniwọlé ti JAMB, lo ti máa rí i, ibẹ̀ lo sì ti máa gbà á. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé òun lè ti ẹ̀yìn ilé gbé ọ wọlé láìsí CAPS, owó ló ń wá. Ọmọ kan tí mo mọ̀ ka odidi ọdún 2 ní ilé-ẹ̀kọ́ kan kó tó mọ̀ pé JAMB kò mọ òun rí.

Owó

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, kí ọmọ wọkọ̀ ní agogo mẹ́fà àárọ̀ láti Ìpara lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tó ń rò, kó sì ka wákàtí àti owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀. Kó fi iye ọjọ́ inú sáà ẹ̀kọ́ kan sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ ó ríran dáadáa bóyá ilé ló yẹ kó máa gbé, tàbí kí ẹ wá yàrá fún un. Mo ti rí ìdílé tó rò pé àwọn ń fi owó ilé pamọ́, tí owó ọkọ̀ sì ju owó yàrá lọ, tí ọmọ sì ń sùn nínú kíláàsì.

Láti 2024, owó ìyálò ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NELFUND wà fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba. Kò ní èlé. Ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san owó ilé-ìwé fún tààrà. 20,000 náírà lóṣù ni fún ìnáwó tìrẹ, bí o bá béèrè fún un. Ọdún 2 lẹ́yìn ìsìnrú ìlú ni sísan padà bẹ̀rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kò sí nínú rẹ̀. Gbèsè ni, kì í ṣe ẹ̀bùn. Yá ohun tí owó ilé-ìwé gbà, má yá ti fóònù tuntun.

Bí wọ́n ṣe ń ka áàtì gan-an

Ọ̀pọ̀ ọmọ rò pé áàtì kò ju kí ènìyàn há ọ̀rọ̀ sórí lọ. Wọ́n á ra hándáàtì, wọ́n á há a, wọ́n á kọ ọ́, wọ́n á gbàgbé rẹ̀. Ẹni tó bá kà á bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè bàbá máa ń tọ́ sí. Iṣẹ́ ọwọ́ ni áàtì náà. Ó ní irin-iṣẹ́, ó ní ìdánrawò.

Fún èdè: má ṣe jẹ́ kí A1 tàn ọ́ jẹ. Kọ *igba, igbá, ìgbà, ìgbá* sílẹ̀, kí o sì sọ èyí tó jẹ́ ọgọ́rùn-ún méjì, èyí tí wọ́n fi ń bomi, èyí tí aago ń kà, àti èyí tó jẹ́ èso tí wọ́n ń jẹ. Bí o bá kọ ojú-ìwé kan láìsí àmì ohùn, ẹni tó ń kà á ló ń bá ọ ṣiṣẹ́ rẹ. Máa fi àmì sí i láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Fún lítíréṣọ̀: ka ìwé náà fúnra rẹ kí o tó ka ohun tí ẹlòmíràn sọ nípa rẹ̀. Bí o bá parí orí kan, pa ìwé dé, kọ gbólóhùn mẹ́ta: kí ló ṣẹlẹ̀, ta ló fẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀, kí ni òǹkọ̀wé kò sọ. Ìbéèrè kẹta yẹn ni wọ́n ń fún ènìyàn ní máàkì lé lórí. Fóònù á sọ ìtàn náà fún ọ ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n fóònù kọ́ ló máa jókòó ṣe ìdánwò.

Fún ìtàn: Ìpara fúnra rẹ̀ ni ilé-ìkàwé rẹ. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣí ní 1978. Lọ bá ìyá àgbà kan tó ti ń ṣòwò ṣáájú ìgbà náà, mú obì dání, béèrè ibi tí ọkọ̀ ń gbà, ọjà tí wọ́n ń ná, ohun tó yí padà nígbà tí ọ̀nà tuntun dé. Kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, lọ bá bàbá àgbà kan, béèrè ohun kan náà. Wọn kò ní sọ ohun kan náà. Ìyá á rántí iye tí wọ́n ń ra ẹrù, bàbá á rántí ẹni tó ni ilẹ̀ tí ọ̀nà gbà kọjá. Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti yà ni ẹ̀kọ́ ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Bí o bá lè ṣàlàyé ìdí tó fi yà, o ti ń ṣe iṣẹ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n ń ṣe. Nígbà tí àsìkò iṣẹ́ àkànṣe ọdún kẹta bá dé tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń wá èyí tí wọ́n máa dà kọ, tìrẹ ti wà nínú ìwé.

Ẹni tó bá ṣe NCE tún ní ohun kan tí àwọn tó lọ yunifásítì tààrà fún oyè áàtì kì í ní: odidi sáà kan nínú kíláàsì, níwájú ọmọ ilé-ìwé gidi. Ọjọ́ tí ọmọ kékeré kan bá na ọwọ́ sókè tó ní, "Tíṣà, kí ló dé?", tí ìdáhùn sì pòórá lẹ́nu rẹ, ọjọ́ yẹn lo máa mọ ohun tó yé ọ àti ohun tí o kàn há sórí.

Bí ìbátan bá ní kí o wá sí Amẹ́ríkà

Ohun tó jọ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa níbẹ̀ ni community college. Joliet ní Illinois ló ti bẹ̀rẹ̀, ní 1901. Ọdún 2 ni, kírẹ́díìtì 60 níye. O lè fi wọ yunifásítì ní ọdún kẹta. Owó rẹ̀ kéré sí ti yunifásítì, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá níbẹ̀ ló sì ń gbà á. Ìmọ̀ràn kan náà ni mo ní fún wọn: kí o tó forúkọ sílẹ̀, béèrè yunifásítì tó fẹ́ gbà ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kí o sì rí i lórí ìwé pé wọ́n máa ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí o bá ṣe. Ẹni tó bá fi físà akẹ́kọ̀ọ́ lọ gbọ́dọ̀ ka ẹ̀kọ́ ní kíkún, kò sì lè ṣiṣẹ́ bó ṣe wù ú; kí ìbátan tó ń pè ọ́ mọ̀ pé ọrùn rẹ̀ ni owó wà.

Nígbà tí bàbá dé

Bàbá ọmọbìnrin náà wá bá mi lọ́jọ́ kejì, ó dúró, kò jókòó. Mo na ìwé oní-ìlà mẹ́ta náà sí i. Ó kà á láti òsì sí ọ̀tún, ojú rẹ̀ le. Mo ní, "Bàbá, ẹ kà á láti ọ̀tún." Ó tún un kà. Ó fi ìka sí NCE ní ìlà apá òsì, ó ní, "Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta yìí, bí owó bá tán lọ́wọ́ mi, ṣé ó lè ti kọ́ọ̀sì yìí ríṣẹ́?" Mo ní, "Ó lè kọ́ ọmọ ní Òde Rẹ́mọ, sà." Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin bí ọmọ rẹ̀ ṣe ká èsì WAEC, ó fi sápò. Ó béèrè iye tí wọ́n ń ta fáìlì.